Owó aṣọ ẹbí wọ àkáǹtì mi, báńkì tí mo jẹ ní gbèsè fà á lọ. Ibo lèèyàn lè fi owó pa mọ́ sí?

Ìyá Àdìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ó ti lé lógún ọdún. Lóṣù kẹta ọdún 2023 mo yá ₦1,200,000 ní báńkì kan láti fi ra aṣọ funfun àti aró sílẹ̀, oṣù méjìdínlógún ni wọ́n ní kí n fi san án. Mo san ti oṣù mẹ́jọ pé pérépéré. Àmọ́ láti oṣù kẹfà ọdún yẹn tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ níwájú dọ́là, aṣọ funfun wọ́n, aró wọ́n, kọ́sítíìkì wọ́n, oníbàárà sì ń dín. Èrè ni mo kọ́kọ́ ń san fún báńkì, nígbà tó yá, ojú owó ni mo ń san. Ìgbà tí kò sí mọ́, mo dákẹ́. Wọ́n pè, n ò gbé e.

Mo wá ṣe ohun tí mo pè ní ọgbọ́n. Mo lọ ṣí àkáǹtì sí báńkì míì, ibẹ̀ ni mo ní kí oníbàárà máa sanwó sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìyá ìyàwó kan ní Ṣàgámù san ₦385,000 síbẹ̀, owó aṣọ ẹbí èèyàn márùndínlógójì, ₦11,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, fóònù mi dún. Mo rò pé ẹlòmíì ló sanwó. Mo wá gíláàsì mi, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n ti yọ ₦384,600. Ohun tó kù níbẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ dé Lápeléke. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo rí níwájú owó tí wọ́n yọ: GSI.

Owó yẹn kì í ṣe tèmi. Ìyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, n ò sì tíì ra ọ̀pá kan. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni mo lè fi owó sí tí ọwọ́ wọn ò ní tó o? Ṣé àkáǹtì ọmọ mi ni, àbí ti àbúrò mi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó dùn mí dé egungun. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ kó ẹsẹ̀ kúrò ní báńkì. Àwọn wálẹ́ẹ̀tì orí fóònù wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ máa lò, tàbí kẹ́ ẹ fi àkáǹtì àbúrò yín gba owó. Àwọn tó jẹ báńkì ní bílíọ̀nù ń gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì kiri, ìyá aláró ni wọ́n wá rí.

Bàbá Ìfẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá Àdìrẹ, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì, ẹ̀ka tó ń yáni lówó ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bá yín lalẹ́ kẹ́ ẹ tó sáré gbé owó kankan.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò san, ológò ni wọ́n ń rán sí i. Ológò á wá jókòó sójúde onígbèsè, á máa pariwo, ẹran tó bá kọjá, á pa á jẹ, owó ẹran yẹn á tún gun orí gbèsè. Gbogbo àdúgbò á mọ̀. GSI, ìyẹn Global Standing Instruction, àṣẹ tí báńkì tẹ́ ẹ jẹ fi ń yọ owó yín ní báńkì míì, òun ni ológò ayé òde òní, àmọ́ òun kì í pariwo, kì í sì í kanlẹ̀kùn. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ó sì kan owó tí wọ́n yá èèyàn láti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2019. Bí báńkì tí ẹ jẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, NIBSS tó so gbogbo báńkì pọ̀ á fi BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báńkì, wá gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ní owó sí. Àkáǹtì sefíǹsì, kọ́ráǹtì, dọ́là tàbí pọ́n-ùn, owó tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún èlé, wálẹ́ẹ̀tì, àti àkáǹtì tẹ́ ẹ bá jùmọ̀ ní pẹ̀lú ẹlòmíì, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Bí ohun tó bá lónìí kò bá tó, á máa padà wá títí gbèsè á fi tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìdí nìyẹn tí wálẹ́ẹ̀tì kò fi lè gba ìyá yìí. Lóṣù kejìlá ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí àkáǹtì tàbí wálẹ́ẹ̀tì tí kò ní BVN tàbí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, nídìí. Àkáǹtì ọmọdé náà, BVN òbí ni wọ́n fi ń ṣí i.

Nǹkan méjì wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò lónìí. Ìkíní, ìwé lóònù yín: báńkì ò lè lo GSI láìjẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ sí i, yálà lórí ìwé tàbí lórí fóònù. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ojú owó àti èlé orí rẹ̀ nìkan ni òfin GSI gbà kí wọ́n yọ. Owó ìtanràn tí wọ́n máa ń fi kún un nítorí pé ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó san, kò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀. Ẹ gba sítátímẹ́ǹtì lóònù yẹn, kì í ṣe ti àkáǹtì o, ti lóònù gan-an, kẹ́ ẹ kà á láti òkè délẹ̀.

Ìyá Àdìrẹ Ìtòkú

Ẹ ṣeun Bàbá. Mo ti gbé ìwé náà jáde látinú àpótí. Ojú ewé méje ni, mo sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. GSI wà ní ojú ewé karùn-ún. Lọ́jọ́ náà, ọmọdébìnrin tó ń tọ́ mi sọ́nà kàn ń ṣí i, ó ń sọ pé "Mà, ibí, ibí," èmi náà sì ń fọwọ́ sí i. Owó tí mo fẹ́ lọ gbà ló wà lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ Ajé màá lọ béèrè sítátímẹ́ǹtì. Kí ló wá burú nínú ti àkáǹtì àbúrò mi? Ọmọ ìyá mi ni.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

Ẹ kú alẹ́ o. Lọ́yà ni mí. Mo fẹ́ dáhùn ti àbúrò yẹn nítorí pé mo ti rí ibi tó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí rí.

Owó tó bá ti wọ àkáǹtì àbúrò yín, lójú báńkì, owó àbúrò yín ni. Bí òun náà bá jẹ gbèsè níbì kan, GSI tirẹ̀ á fà á lọ. Bí Ọlọ́run bá pè é, ká má rí i, owó náà wọ ogún rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ ó máa dojú kọ ara yín ní kóòtù. Tọ́rọ̀ yín bá sì dé ilé ẹjọ́, tí ẹni tẹ́ ẹ jẹ bá fi hàn pé ńṣe lẹ kó owó sábẹ́ orúkọ ẹlòmíì kí ọwọ́ òun má baà tó o, adájọ́ lè sọ pé kí wọ́n kó o padà. Ẹ ò ní jẹ gbèsè nìkan mọ́, ẹ ó di ẹni tí adájọ́ kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ẹ má sì rò pé GSI nìkan ló wà. Àwọn tí kì í ṣe báńkì, bí oníṣòwò tó fún yín lọ́jà láwìn, ọ̀nà tiwọn ni èyí tí à ń pè ní garnishee, ó wà nínú òfin Sheriffs and Civil Process Act láti abala 83 lọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè yín lẹ́jọ́, kó sì jàre. Lẹ́yìn ìdájọ́ ló máa padà lọ bá adájọ́ láìsí ẹ̀yin níbẹ̀, tí adájọ́ á pàṣẹ fáwọn báńkì pé kí wọ́n di owó yín mú. Àṣẹ àkọ́kọ́ yìí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ báńkì àti ọwọ́ yín, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n á gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ni kẹ́ ẹ má fi sùn. Bí owó ẹlòmíì bá wà nínú àkáǹtì, ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìwé àti rìsíìtì. Ẹ sì lè bẹ adájọ́ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ máa san díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọjá, tí adájọ́ sọ àṣẹ náà di èyí tí kò ṣeé yí, báńkì á sanwó fún ẹni yẹn tààrà.

L'Ékòó, láti ọdún 2018 tí ilé ẹjọ́ kékeré fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ti bẹ̀rẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ fi parí ẹjọ́ kan. Àwọn tó rò pé ẹjọ́ á pẹ́ ọdún mẹ́wàá, tí wọn ò yọjú sí kóòtù, àláàtì ni wọ́n fi máa ń mọ̀ pé ẹjọ́ ti parí.

Dírẹ́bà Òṣogbo

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi gba bọ́ọ̀sì ní sísan díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú, mo jẹ olówó ọkọ̀ ní ₦620,000. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọlọ́pàá méjì wá gbé mi nínú gáréèjì lójú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Wọ́n ní bí n kò bá fi fóònù mi san ₦200,000 lójú ẹsẹ̀, àtìmọ́lé ni mo máa sùn. Mo san án. Owó ilé ìwé ọmọ mi ni. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè?

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

Rárá. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Òfin ACJA ọdún 2015, tó dá lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, náà sọ bẹ́ẹ̀ ní abala 8. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó fún olówó ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ àgọ́ wọn àti nọ́ńbà àkáǹtì tẹ́ ẹ san án sí sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò tíì kúrò lórí yín, kẹ́ ẹ sì wá lọ́yà tàbí ọ́fíìsì tó ń gba ẹjọ́ aláìní rò ní ìpínlẹ̀ yín.

Ohun kan ni kí gbogbo wa ṣọ́ra fún: ṣẹ́ẹ̀kì. Bẹ́ ẹ bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ẹni tẹ́ ẹ jẹ, tí owó kò sì sí nínú àkáǹtì nígbà tó gbé e lọ, ìyẹn ti kúrò ní gbèsè lásán, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni. Ẹ má fi ṣẹ́ẹ̀kì ra ọjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tísà Ọ̀yọ́

Tèmi kì í ṣe báńkì. Àpù ayánilówó lórí fóònù ni. ₦30,000 ni mo yá lọ́jọ́ tí owó oṣù pẹ́. Wọ́n ní kí n fi káàdì ATM mi sílẹ̀ lórí àpù náà. Bí owó oṣù bá ti wọlé ní aago mẹ́ta òru, wọ́n ti mú tiwọn kí n tó jí, nígbà míì ju ohun tó yẹ lọ. Nígbà tí n kò rí san, wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé mi àti àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi, wọ́n kọ "ÒLÈ" sí i níwájú orí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wá bi mí ní kíláàsì pé, "Tísà, kí lẹ jí?" Mi ò lè dáhùn.

Ẹni tó bá wà nínú irú ẹ̀, ohun tó gbà mí nìyí. Mo lọ sí báńkì mi, mo ní kí wọ́n pa káàdì yẹn rẹ́, kí wọ́n fún mi ní òmíràn, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣẹ ìyọwó kankan wà lórí àkáǹtì mi. Mo mú ẹ̀dà gbogbo ìhàlẹ̀ wọn, mo fi ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, tí wọ́n ti ń fi orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀ láti ọdún 2022. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ti wà láti ọdún 2023 pẹ̀lú, àpù kò gbọdọ̀ kó nọ́ńbà àwọn èèyàn wa lọ máa fi dójú tì wá. Ìhàlẹ̀ dáwọ́ dúró. Ojú owó tí mo jẹ, mo san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì gba ìwé pé mo ti san án tán.

Àbíkẹ́ Peckham

Tísà, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ò jí nǹkan kan.

Ní ìlú ọba níbí, bí gbèsè bá ti wọni lọ́rùn, tí ẹ lọ bá olùgbaninímọ̀ràn nípa gbèsè, ó lè fi yín sínú ètò kan tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2021, Breathing Space lorúkọ ẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ ni, fún England àti Wales. Nínú ọgọ́ta ọjọ́ yẹn, èlé dúró lórí ọ̀pọ̀ gbèsè, ẹni tẹ́ ẹ jẹ kò gbọdọ̀ pè yín, kò sì gbọdọ̀ gbé yín lọ sí kóòtù torí owó náà. Níbí, bẹ́ ẹ bá jẹ báńkì kan tí owó oṣù yín sì ń wọ ibẹ̀, wọ́n lè mú un fi san gbèsè yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbani nímọ̀ràn pé kéèyàn gbé owó oṣù lọ sí báńkì tí kò jẹ. Ohun tí Ìyá Àdìrẹ ṣe gan-an nìyẹn, níbí ì bá ṣiṣẹ́. Ní Nàìjíríà, BVN ti dí ọ̀nà yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde

Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì gba ìmọ̀ràn wálẹ́ẹ̀tì mi padà. Àmọ́ inú ń bí mi síbẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra gbèsè ńláńlá lọ́wọ́ báńkì, títí dòní wọ́n ṣì ń lé àwọn èèyàn ńlá náà kiri pẹ̀lú lọ́yà wọn. Ìyá tó yá mílíọ̀nù kan, òru ọjọ́ kan ti tó.

Bàbá Ìfẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Òótọ́ lẹ sọ, ó sì dùn mí, torí èmi náà wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ GSI, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Olówó ńlá kì í fi orúkọ ara rẹ̀ yáwó.

Ìyá Àdìrẹ, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí tó bá jẹ́ èmi. Ẹ kọ lẹ́tà sí mánijà, kì í ṣe ìpè, lẹ́tà. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san lóṣù láìpurọ́. Ẹ má kọ ₦80,000 kí wọ́n lè yọ́nú sí yín, kẹ́ ẹ wá kùnà lóṣù kejì. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáwọ́ GSI dúró níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ń san, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn wọn lórí ìwé. Bí ìtanràn bá wà nínú ohun tí wọ́n yọ, ẹ béèrè rẹ̀ padà nínú lẹ́tà kan náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn, Báńkì Àpapọ̀ ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, àmọ́ wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti kọ́kọ́ kọ sí báńkì yín.

Ní ti owó aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ kó má gba ọwọ́ yín kọjá rárá. Ẹ jẹ́ kí ìyá ìyàwó san owó aṣọ funfun tààrà fún ẹni tó ń tà á, kó gba rìsíìtì lórúkọ ara rẹ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ yín nìkan ni kó san fún yín. Ìyẹn kì í ṣe ìfipamọ́, òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni, owó rẹ̀ ni owó aṣọ. Lọ́jọ́ iwájú, bí iṣẹ́ bá gbèrú, ẹ lè sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ tó dá dúró lábẹ́ CAMA, òfin ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, tí gbèsè tirẹ̀ kì í ṣe gbèsè yín. Kì í ṣe orúkọ òwò lásán o, ìyẹn àti ẹ̀yin kò yàtọ̀. Bí báńkì bá sì ní kẹ́ ẹ fi ara yín ṣe onídùúró fún ilé iṣẹ́ náà, ẹ mọ̀ pé ẹ tún ti kó sí i.

Ìyá Àdìrẹ Ìtòkú (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé.

Mo gba sítátímẹ́ǹtì lóònù náà. Èmi àti ọmọ mi jókòó sí i lálẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò. Ìtanràn oṣù kan, ìtanràn oṣù kejì, wọ́n tò wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. A rí ₦46,500 tí kì í ṣe ojú owó, tí kì í ṣe èlé. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí Bàbá ṣe wí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dá a padà. Mánijà pè mí, mo gbé e lọ́tẹ̀ yìí. ₦30,000 lóṣù ni mo sọ pé mo lè san, ó ní ó kéré, mo ní òun lọwọ́ mi ká. Wọ́n ti fún mi ní ìwé, wọn ò ní fa GSI bí mo bá ń san lọ́jọ́ tó yẹ.

Èyí tó le jù ni ìyá ìyàwó. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a ní Ṣàgámù. N kò jókòó tí mo fi jẹ́wọ́ fún un. Ó bínú, ó bú mi, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú yàrá, ó gbé gèlè jáde, ó ní ká lọ. Àwa méjèèjì la jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ funfun. Ẹgbẹ́ àjọ wa ti gbé ₦150,000 fún mi, mo fi ₦46,500 yẹn lé e, òun fi díẹ̀ kún un, ìyókù àwìn ni, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì.

Àná ni a rẹ èyí tó ṣáájú sínú aró. Èèyàn mẹ́rìnlá ti ní aṣọ lórí okùn, ó ku mọ́kànlélógún.